Ẹsẹ̀ Ta Ló Gbẹ̀yìn?

Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ sì ká ẹsẹ̀ yín mọ́ra, torí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo gbé dé, ẹ̀yin náà kò sì mọ ẹni tó ti bu erùpẹ̀ ibi tí ẹ tẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Ìdílé kan wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ilé ni wọ́n ń jó. Mi ò ní wọ́n ń jó nínú ilé o. Ilẹ̀ gan-an ni wọ́n ń jó. Bí birikilà bá ti mọ ògiri tán, tí wọ́n da erùpẹ̀ pupa kún inú yàrá, tí wọ́n wọ́n omi sí i, wọn kò ní tíì da kọnkéré. Wọ́n á kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin ìdílé yìí. Àwọn yẹn á tò sẹ́yìn ara wọn, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ lásán gún ilẹ̀ náà títí yóò fi le ju ẹ̀yìn ahun lọ. Ilé tí wọn kò bá jó ilẹ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fẹ́ gbé ibẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ tí a kò jó kì í sùn, ńṣe ló máa ń lajú sílẹ̀ wo àwọn tó ń gbé orí rẹ̀.

Ẹni tó wà níwájú nìkan ló ń dá orin. Òun nìkan ló mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ọmọ tirẹ̀ ló sì máa kọ́. Ohun tí iwájú bá kọ, ẹ̀yìn ní láti ṣe é: ó ní ẹ yí, wọ́n á yí, ó ní ẹ dúró, wọ́n á dúró bí òpó iná. Ibi tí ẹni iwájú bá sì tẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹni tó tẹ̀lé e á tẹ̀, kò gbọdọ̀ fi ìbú irun orí yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí odindi agbo bá jó yàrá kan tán, ẹni tó bá wo ilẹ̀ á búra pé ẹnì kan ṣoṣo ló rìn níbẹ̀, àfi pé ẹni náà wúwo bí erin tó pọn erin.

Ìyá Iwájú ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n. Atẹ̀lé ni wọ́n ń pe àbúrò. Ìyá kan ló bí wọn, ọmú kan ni wọ́n mu. Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ Ìyá Iwájú jí, ó sì rí i pé ẹnì kan ti fi ẹ̀jẹ̀ to àmì láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé ilé ìdáná.

Télọ̀ ni ọkọ yìí, ó lè rán ṣòkòtò fún eṣinṣin kó sì bá a lẹ́sẹ̀ mu. Ó tọ ẹ̀jẹ̀ náà lọ, ó bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń fọ abọ́, tó ń kọrin.

"Ìyá Iwájú, nǹkan ti gún ọ!"

"Gún mi níbo?"

"Jókòó. Gbé ẹsẹ̀ òsì wá. Yéè! Abẹ́rẹ́ mi tí mo ti ń wá láti àná rèé!"

Abẹ́rẹ́ náà ti wọ àtẹ́lẹsẹ̀ títí kan ojú tí òwú ń gbà wọlé. Ó fà á yọ. Ìyá Iwájú ń wò ó bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ aládùúgbò.

"Kò dùn ọ́?"

"Kí ni kó dùn mí?"

"Háà! Èmi tí kì í ṣe èmi ni mo ni ín, ó ń dùn mí títí dé eyín."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò rí ibi jókòó sí. Télọ̀ tẹ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tutù bí ẹran inú fíríìjì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ta lo bá jó kẹ́yìn?"

"Ta ni mo tún ń bá jó? Àbúrò mi, àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn."

"Ẹni tó ń tọ èèyàn lẹ́yìn lójoojúmọ́, ṣé èèyàn máa ń mọ irú ojú tó fi ń wo ẹ̀yìn ọrùn ẹni?"

Ìyá Iwájú ń rántí pé nígbà tí òun àti Atẹ̀lé nìkan jó ilé ìkẹ́rùsí kékeré kan tán láìpẹ́ yìí, Atẹ̀lé ló ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ó ní yẹtí òun bọ́. Ó pẹ́ lórí ìdúbúlẹ̀ wá yẹtí náà ju bí èèyàn ṣe ń pẹ́ lórí ìdúbúlẹ̀ sùn lọ.

Ọ̀gá birikilà sì ti ránṣẹ́ sí wọn nípa ilé ìgbẹ̀bí tuntun tó wà lópin títì. Gbogbo ìlú ló ń dúró de ilẹ̀ náà. Òfin ìdílé kò sì mọ ojú: bí ẹni iwájú bá ṣubú lórí ilẹ̀, tàbí tó já orin sílẹ̀ láàárín, kò dúró níwájú mọ́ láéláé. Orin á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ àti àwọn ọmọ onítọ̀hún. Ọmọbìnrin Ìyá Iwájú, tó ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ orin náà bọ̀ láti ìgbà tí kò tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀, á gbé e mì bí ẹni gbé iyọ̀ mì.

*

Ẹ jẹ́ ká rìn sẹ́yìn díẹ̀, ká yà sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀.

Onígbàjámọ̀ yìí ń fá orí níwájú, ó ń fá kádàrá lẹ́yìn kọ́tìnnì. Dígí rẹ̀ ti gbó débi pé oníbàárà àná lèèyàn ń rí nínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá fá irun níbẹ̀ ló máa ń ṣa irun ara rẹ̀ nílẹ̀ kó tó lọ, torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ìyókù ń gbà.

Atẹ̀lé wọlé pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Mo ní kẹ́ ẹ bá mi pọ́n èyí."

Bàbá fi àtàńpàkò kan ẹnu rẹ̀. "Èyí mú ju ahọ́n àna lọ. Kí lo wá ṣe gan-an?"

Atẹ̀lé fa kọ́tìnnì. "Ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti ń wò láti kékeré. Mo mọ gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀, mo mọ tàdáwà tó wà lábẹ́ etí rẹ̀. Bàbá, ṣé torí kí n lè máa wo ọrùn ọlọ́rùn ni Ọlọ́run ṣe fún mi lójú? Mi ò ní kó kú o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á. Ẹ kàn jẹ́ kó jókòó."

"Kó jókòó." Bàbá tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Bu ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tẹ̀ wá, níbi tó ti ń jó. Kó jẹ́ tútù. Má fi irin kàn án, èékánná ni kó o fi họ ọ́."

Bí yẹtí ṣe bọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin náà ti mọ̀.

Erùpẹ̀ náà kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Bàbá sọ̀rọ̀ sí i lára, ó tutọ́ sí i, ó dì í sínú aṣọ dúdú. Ó ní kí Atẹ̀lé gbé e sábẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi nílé rẹ̀: bí ó bá ṣe ń tutù, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ á máa sùn. Atẹ̀lé gbé e síbẹ̀. Láràárọ̀ ni ó ń ki ìka bọ abẹ́ dúrọ́ọ̀mù wò ó bóyá ó tutù. Ó tutù. Ó tutù ju omi lọ.

*

Nígbà tó yá, obìnrin mìíràn tún wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ pẹ̀lú àlùmọ́gàjí. Ó ń tiro.

"Bàbá, ẹ bá mi pọ́n èyí fún ọkọ mi."

Bàbá wo àlùmọ́gàjí, ó wo ẹsẹ̀. "Ìdílé yín fẹ́ràn àlùmọ́gàjí gan-an ni."

Ojú Ìyá Iwájú là. "Ta ló tún mú un wá?"

"Ṣé mo sọ pé ẹnì kan mú un wá?"

"Bàbá, ta ló ń ṣe mí?"

"Orí tó bá jókòó sórí àga mi ni mo ń fá. Èmi kì í sọ fún orí kejì bí irun ti àkọ́kọ́ ṣe rí. Kí lo fẹ́?"

"Ẹni tó ń tẹ̀ mí lẹ́yìn ni mo fẹ́ mú."

"Níbo ni abẹ́rẹ́ tó gún ọ tí o kò mọ̀?"

Ó wà létí aṣọ rẹ̀. Ẹ̀rù ti bà á láti jù ú nù. Bàbá fi òwú dúdú àti pupa wé e títí tó fi tóbi bí ìdin. Ó yọ òrùka wẹ́wẹ́ kan láti inú ìgò, ó fi bọ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀.

"Ri abẹ́rẹ́ náà síbi tí ẹ ó ti yí. Pẹ̀lú òrùka yìí, ìwọ á tẹ̀ ẹ́, kò ní mọ̀ ọ́. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé ọ, kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́."

"Tí kò bá jẹ́ òun ló ṣe mí ńkọ́?"

"Abẹ́rẹ́ kì í bèèrè."

*

Ọjà ni Atẹ̀lé ń lọ. Ó ń rìn, ó ń mi ìdí, ó ń dá orin iwájú wò lábẹ́ ahọ́n, ìwọ̀nba tó ti jí gbọ́. Ẹnì kan pariwo lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá! Ẹ dúró! Bàtà yín wà lọ́hùn-ún!"

Ó bojú wẹ̀yìn. Bàtà òsì rẹ̀ wà láàárín títì, ibi jíjìn, ó dá dúró bí ẹni tí wọ́n gbàgbé. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà lórí ọ̀dà títì tí oòrùn ti yan títí tó ń ta èéfín. Ajá ń fo ọ̀dà náà kọjá. Òun kò mọ̀ pé ó gbóná.

Ẹ bi mí bó ṣe dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, mi ò ní lè sọ. Afẹ́fẹ́ ló gbé e.

"Bàbá! Ó ti dá a padà! Àǹtí mi ti dá a padà sí mi!"

Bàbá ń fá àgbàlagbà kan. Ó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìlàjì irun, ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

"Kò sẹ́ni tó dá nǹkan kan padà. Àbí irọ́ lo pa fún mi? Ibo lo ti bu erùpẹ̀ yẹn?"

"Ibi tó ti jó! Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, mo fi ojú mi rí i níbi tó ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo wà, àwa méjèèjì nìkan la jó lọ́jọ́ yẹn."

"O wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ náà ń jó."

"Ṣé kí n máa sùn ni?"

"Ibo ni ìwọ ń gbé ẹsẹ̀ tìrẹ sí?"

Atẹ̀lé wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàbá jókòó lé àpótí.

"Ẹsẹ̀ ta ló gbẹ̀yìn nínú ipa ẹsẹ̀ yẹn?"

Ìbéèrè náà wọlé láti etí, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ tí kò lè gbọ́ nǹkan kan mọ́. Láti ìgbà tí Atẹ̀lé ti gbọ́njú ló ti ń tẹ ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

"Ẹ tú u, Bàbá. Mo bẹ̀ yín."

"Ilẹ̀ la ti bù ú, ilẹ̀ ló máa padà sí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún jó, máa wọ́n ọn sínú ipa ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, kó o máa fi tìrẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, títí á fi tán. Kò gbọdọ̀ mọ̀. Má sì fo ọ̀kankan. Tí o bá fo ẹyọ kan, mi ò mọ bí ìyókù ṣe máa rí."

*

Ọ̀sán gangan ni wọ́n jó ilé ìgbẹ̀bí. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé tí wọn kò tíì kan ilẹ̀kùn rẹ̀ wọlé, erùpẹ̀ tútù ń rùn. Àwọn birikilà jókòó lórí bíríkì, àwọn agbẹ̀bí tò síbi ògiri nínú aṣọ funfun. Kọnkéré wà níta nínú ẹ̀rọ, ó ń yí, ó ń hanrun.

Ìyá Iwájú ti dé ṣáájú gbogbo wọn. Ó ti ri abẹ́rẹ́ náà sí kọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ibi tí wọ́n á ti yí. Bó ṣe ń nàró, Atẹ̀lé wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí mi, ẹ ti dé! Kí lẹ ń wá nílẹ̀?"

"Yẹtí ni. O mọ̀ pé yẹtí máa ń bọ́ nínú ìdílé wa."

"Ẹ jẹ́ n bá yín wá a."

"Má ṣèyọnu, mo ti rí i."

Atẹ̀lé wo etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Méjèèjì ṣófo. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì tẹ ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ra sínú aṣọ.

"Kí ló wà lọ́wọ́ yẹn?" ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Òógùn ni, ma. Ooru mú."

Wọ́n kí ara wọn dáadáa. Bí wọ́n bá fi ìkíni yẹn se ọbẹ̀, odindi abúlé ni ì bá kú.

Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá Iwájú gbé ẹsẹ̀, ó gbé orin:

*Ilẹ̀ o, ilẹ̀, a wá tẹ́ ọ sùn.*

Ẹ̀yìn gbè é: *Pa ojú dé.*

*Kí onílé ríbi là, kí ọmọ ríbi rá.*

*Pa ojú dé.*

Ẹni iwájú kì í wẹ̀yìn. Etí ló ní. Ìyá Iwájú ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gún ilẹ̀, ó ń wọ́ tòsì bí ẹni wọ́ òkú ewúrẹ́. Gbì, wọ́ọ̀. Gbì, wọ́ọ̀. Ó wá gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀. Gbì, wọ́ọ̀.

Ara rẹ̀ gbóná. Ó ń sín mi jẹ! Lójú gbogbo ayé! Ó ti ṣe mí tán, ó tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé kọ̀rọ̀ náà, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè tètè dé ibi tó ń lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, Atẹ̀lé ń rẹ erùpẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìka, ó ń tẹ̀ ẹ́, òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀.

Ìyá Iwájú dé kọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Òrùka gbóná mọ́ ọmọ-ìka tí kò lè mọ gbígbóná, òun sì mọ̀ ọ́n. Ó yí.

Ìgbà yẹn ni etí rẹ̀ mú nǹkan kan. Bí èèyàn bá ń sín èèyàn jẹ, wíwọ́ ẹsẹ̀ á bọ́ sórí àtẹ́wọ́, torí ẹlẹ́yà máa ń mọ orin. Èyí kò bọ́ sí i. Ó ń pẹ́ dé. Ó ń pẹ́ dé bí ti òun náà ṣe ń pẹ́ dé, bíńtín, bíńtín, bí ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè tí kò gbọ́. Kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹsẹ̀ tó ti kú nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun tó mú mi ló mú un, ni ó sọ sínú. Ta ló ń bu májèlé fún ẹlòmíì tó tún ń jẹ nínú rẹ̀? Kì í ṣe òun! Àbúrò mi kọ́! Ọwọ́ mi ni mo sì fi rì í sílẹ̀ dè é.

Ẹ ò rí i bí èèyàn ṣe ń ṣìnà dé ibi tó dáa.

Kò lè dúró. Kò lè bojú wẹ̀yìn. Bí ó bá fi ẹnu sọ̀rọ̀ lásán, orin já nìyẹn, iwájú bọ́ nìyẹn, ọmọ rẹ̀ pàdánù nìyẹn. Ohùn rẹ̀ yí, ó kọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ìran wọn kò kọ rí:

*Fò ó, ọmọ ìyá mi, fò ó. Ẹ̀gún ń bẹ níbẹ̀, fò ó.*

Ẹsẹ̀ Atẹ̀lé wà lókè. Ìṣẹ́jú akàn kan ni, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ sáré yí ayé ká nínú rẹ̀. Ẹ̀tàn ni! Ó ti mọ̀ nípa erùpẹ̀ yìí. Ó ti lọ bá Bàbá. Bí mo bá fo ẹyọ kan, ẹsẹ̀ mi parí. Mi ò ní fò ó. Mo kọ̀. Mi ò fò ó.

Ó fò ó.

Ọkàn rẹ̀ ṣì ń kọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti balẹ̀ sí òdìkejì. Ẹsẹ̀ kò bá ọkàn jíròrò. Láti kékeré, ohun tí iwájú bá kọ ni ẹ̀yìn ń ṣe, ẹsẹ̀ kò sì mọ̀ pé ìjà wà. Ẹni tó wà lẹ́yìn Atẹ̀lé fò ó. Ẹni tó tẹ̀lé ìyẹn fò ó, títí dé ìdí agbo. Wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì náà pẹ̀lú, torí wọ́n rí i pé àwọn ìyá ń wọ́ ọ, wọ́n rò pé ara ijó ni.

Erùpẹ̀ tán lọ́wọ́ Atẹ̀lé. Orin tán lẹ́nu Ìyá Iwájú. Ilẹ̀ le koko. Àwọn agbẹ̀bí pàtẹ́wọ́ títí wọ́n fi gbàgbé pé obìnrin kan ń rọbí lọ́wọ́ nílé àtijọ́. Wọ́n da kọnkéré lé gbogbo rẹ̀.

*

Ẹsẹ̀ méjèèjì jí, ṣùgbọ́n wọn kò jí tán. Títí di òní àwọn méjèèjì ń tiro ní òsì. Ìyá Iwájú ṣì wà níwájú, ọmọ rẹ̀ sì ń kọ́ orin lọ.

Ijó náà ńkọ́? Ó tàn ju iná ọyẹ́ lọ. Kò sí onílé tó tún fẹ́ ti àtijọ́ mọ́. "Èyí tí ẹ fi ń wọ́ ẹsẹ̀, tí ẹ fi ń fò yẹn la fẹ́." Ọ̀mọ̀wé kan gbé kámẹ́rà wá, ó ní wíwọ́ ẹsẹ̀ náà dúró fún ìyà tí àwọn baba ńlá jẹ, fífò náà sì dúró fún ìrètí. Àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò gbọ́ ọ. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀mọ̀wé, ẹ ṣeun, ẹ mu omi.

Lánàá òde yìí ni ọ̀gá birikilà wá. Ó bá wọn lẹ́nu ọ̀nà télọ̀, níbi tí wọ́n ti ń gba afẹ́fẹ́.

"Ẹ̀yin ìyá, ilẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí ti sán ní kọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Ẹ máa múra láti tún un jó."

Ó lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ télọ̀ nìkan ló ń pariwo nínú ilé.

"Àǹtí mi," Atẹ̀lé sọ níkẹyìn. "Ẹ má bínú o. Kí ni wọ́n máa bá níbẹ̀?"

"Sọ ohun tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ lọ́jọ́ náà, èmi náà á sọ tèmi."

"Mo ní òógùn ni."

"Èmi náà ní yẹtí ni."

Ìyá Iwájú dìde. Atẹ̀lé dìde. Wọ́n kọrí sópin títì, gbì, wọ́ọ̀, gbì, wọ́ọ̀, wọ́n ń yára bí ẹṣin tí wọ́n fi ata sí nídìí. Àwọn ọmọdé àdúgbò rí wọn, wọ́n tò tẹ̀lé wọn, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀, wọ́n ń fò. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá méjèèjì kò tò. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń rìn, èjìká ń gbún èjìká, torí kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó gbà kí èkejì wà lẹ́yìn òun.